Àtẹ̀jáde Oníṣòwò Kékeré: Ta Ni À Ń Kọ Ọ́ Fún?

Nígbà tí akéde bá lu agogo láàárín ìlú láyé àtijọ́, tí ó sì ké sí ará ilé àti èrò ọ̀nà, ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò sọ ohun tí ẹni náà wí, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣẹ, ibi tí yóò ti ṣẹ, àti àwọn tí ó kàn. Akéde kì í fi ìdajì ọjọ́ ki ọba kí ó tó sọ pé ọ̀la ni wọn yóò ro ọ̀nà odò. Pabanbarì rẹ̀ ni pé kò sí akéde tí yóò fi èdè tí ará ìlú kò gbọ́ jíṣẹ́ fún ará ìlú. Bí ó bá dán an wò, agogo nìkan ni wọn yóò sọ pé àwọn gbọ́.

Iṣẹ́ akéde yìí gan-an ni àtẹ̀jáde ń ṣe lónìí fún oníṣòwò tí kò ní owó tabua tí yóò fi ra ojú ewé nínú ìwé ìròyìn. Ìwé pélébé ni àtẹ̀jáde, ojú ewé kan tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí oníṣòwò fi ń sọ fún oníròyìn pé ohun kan ṣẹlẹ̀, tàbí pé ohun kan fẹ́ ṣẹlẹ̀, tí ó yẹ kí ará ìlú gbọ́. Oníròyìn ni yóò pinnu bóyá òun yóò lò ó tàbí òun yóò sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò kékeré ilẹ̀ Yorùbá, láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ dé Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè. Àwọn díẹ̀ tí ó ń kọ àtẹ̀jáde ń kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn tí àwọn oníbàárà wọn kì í kà, wọ́n sì ń kó ìyìn ara wọn kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Àwọn yòókù kò kọ ohunkóhun, nítorí wọ́n gbà pé iṣẹ́ àwọn tí ó lọ sí yunifásítì ni. Àdánù ni méjèèjì. Bí a bá sì ń wá ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù, kí a fi oníṣòwò sílẹ̀, kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn olùkọ́ èdè.

Kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé òkèèrè ni ìwé tí à ń pè ní àtẹ̀jáde ti wá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1906, ọkọ̀ ojú irin kan já sínú omi ní Atlantic City ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 50. Ivy Lee, ẹni tí ó ti ṣe oníròyìn rí, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Pennsylvania, kò gbà kí wọ́n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, ó pín in fún àwọn oníròyìn, ìwé ìròyìn New York Times sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó ti kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó ka ìwé náà sí àtẹ̀jáde àkọ́kọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni Lee fi ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú: gbangba ni òun yóò ti máa ṣiṣẹ́, ìròyìn ni òun yóò máa fún wọn, bí wọ́n bá sì rí i pé ẹ̀ka ìpolówó ni ó yẹ kí ìwé òun lọ, kí wọ́n má lò ó. (Pé òun fúnra rẹ̀ kò tẹ̀lé ìlànà yìí ní 1914, nígbà tí ó ń kọ̀wé fún ìdílé Rockefeller lórí ìpakúpa Ludlow, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ẹ wò ó bí ìlànà náà ti jọ ti akéde tó. Bébà àti òǹtẹ̀ ni ó ti òkèèrè wá. Ìṣe náà kò ṣàjèjì sí ìran tí ó ní akéde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ wọ́ ni pé àwọn oníṣòwò wa ka àtẹ̀jáde sí ìpolówó ọjà. Ìpolówó ní ẹwà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohùn tí ẹlẹ́kọ àti alákàrà fi ń kiri ní ìdájí mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni. Àsọdùn wà níbẹ̀, àwítúnwí wà níbẹ̀, gbogbo wa sì ń dárí rẹ̀ jì wọ́n, nítorí ta ni kò mọ̀ pé olójà kì í pe ọjà rẹ̀ ní ìdọ̀tí? Ṣùgbọ́n àtẹ̀jáde kì í ti ẹnu olójà bọ́ sí etí oníbàárà tààrà. Ẹnu oníròyìn ni ó ń gbà kọjá, orúkọ oníròyìn ni yóò sì bàjẹ́ bí ó bá já sí irọ́. Alákàrà lè sọ pé kò sí irú àkàrà òun láyé. Bí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ bá ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn aago méje, ẹ̀gàn ni yóò fà wá. Ìdí nìyí tí olóòtú fi ń ju ìwé tí ó kún fún "aláìlẹ́gbẹ́" àti "ọ̀gá nínú àwọn ọ̀gá" sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì máa rò pé wọ́n kórìíra òun ni. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Lórí tábìlì olóòtú tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, èké ni ó ń kùtà.

Pé ènìyàn ń ta ọjà kì í ṣe ìròyìn. Aláàdìrẹ ti wà ní Ìtòkú kí a tó bí olóòtú tí a ń kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n bí aláàdìrẹ mẹ́fà bá parapọ̀ láti kọ́ ogún ọ̀dọ́ ní bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sára aṣọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, ní àkókò tí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní China ti gba ìdajì àtẹ ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, ìròyìn dé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kan òbí tí ọmọ rẹ̀ jókòó sílé, ó kan ẹni tí ó ń ra aṣọ, ó kan ìjọba ìpínlẹ̀. Orúkọ àwọn aláàdìrẹ yóò sì bá a jáde láìjẹ́ pé wọ́n yin ara wọn.

Àwọn kan yóò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè òwò ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni ní ilé ìfowópamọ́ àti ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí ó bá sì jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ni aláàdìrẹ ti ń wá oníbàárà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó fi kọ ọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òwò tí à ń wí yìí kéré. Òwò tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́wàá ni àjọ SMEDAN, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003, kà sí èyí tí ó kéré jù lọ, irú wọn ni ó sì pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé tàbí tí ọkọ̀ akérò lè gbé ènìyàn dé ni oníbàárà wọn wà. Ìyá tí yóò ra ọṣẹ dúdú ní Bódìjà kò ní ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó jáde nílé. Rédíò Yorùbá ni ó fi sí ẹ̀gbẹ́ iná tí ó ń dá. Orísun FM wà ní Ilé-Ifẹ̀, Rédíò Lagos àti Fàájì FM wà ní Èkó. Ìwé ìròyìn Aláròyé ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti 1996. BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ní èdè Yorùbá ní oṣù Kejì ọdún 2018. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ó ń wá ìròyìn lójoojúmọ́. Bí àtẹ̀jáde Gẹ̀ẹ́sì bá dé ọ̀dọ̀ wọn, òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn ni yóò jókòó tú u ní kánmọ́kánmọ́, ohun tí ó bá sì sọnù nínú ìtumọ̀ ti sọnù nìyẹn.

Ẹni tí ó bá gba ìmọ̀ràn yìí lè tún bọ́ sínú ọ̀fìn kejì, tí ó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Yóò kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkàn rẹ̀, yóò sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ohun tí ó máa ń jáde nìyí: "Iléeṣẹ́ wa ní inú dídùn láti kéde ìṣísílẹ̀ ibùdó ìkọ́ṣẹ́ tuntun kan tí a dá sílẹ̀ láti ọwọ́ olùdarí àgbà wa, èyí tí yóò pèsè àwọn ojútùú oníwọ̀n àgbáyé sí àwọn ìpèníjà tí ó ń kojú ẹ̀ka aṣọ." Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ gbólóhùn náà kì í ṣe Yorùbá. Ta ni ó ń sọ pé "ilé yìí ni a kọ́ láti ọwọ́ bàbá mi"? "Bàbá mi ni ó kọ́ ilé yìí" ni ọmọ tí ó gbọ́ èdè yóò wí. "Láti ọwọ́" yìí ti di àrùn nínú ìwé àti nínú ìròyìn wa, ó sì yẹ kí olùkọ́ èdè máa fi gègé pupa fa ìlà sí i nídìí níbikíbi tí ó bá ti rí i. "Ní inú dídùn láti kéde" kò sàn jù ú lọ. Inú ẹni máa ń dùn. Ènìyàn kì í ní inú dídùn bí ẹni ní àga. Ní ti "ojútùú oníwọ̀n àgbáyé", kí ẹni tí ó kọ ọ́ lọ bá ìyá aláró kan kí ó sì ní kí ó tú u fún òun.

Ó ṣeni láàánú pé èdè tí à ń fi ìyà jẹ báyìí ti ní ohun tí àtẹ̀jáde ń fẹ́. Ìbéèrè mẹ́fà ni wọ́n ń kọ́ àwọn oníròyìn pé kí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ dáhùn: ta ni, kí ni, níbo ni, nígbà wo ni, èé ṣe, báwo ni. Kí àwọn onímọ̀ gírámà wo márùn-ún nínú wọn. "Ni" ni ó gbẹ́yìn márùn-ún náà tààrà, ọ̀rọ̀ tí à ń béèrè sì ti bọ́ síwájú gbólóhùn. Ìdáhùn wọn náà máa ń jẹ́ gbólóhùn alátẹnumọ́: Ìtòkú ni, ọjọ́ Ajé ni, aláàdìrẹ mẹ́fà ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n kún ọgbọ́n kí ó tó lè gbé ohun tí ó jẹ́ tuntun sí iwájú. Ní Yorùbá, ibi tí gírámà fi sí fún un nìyẹn. Ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣáájú "ni" ti mọ ohun tí ó jẹ́ ìròyìn nínú òwò rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì rí ọ̀rọ̀ kankan fi síbẹ̀ àfi orúkọ ara rẹ̀, kí ó yáa lọ san owó ìpolówó.

Bí a bá wá kọ ọ̀rọ̀ àwọn aláàdìrẹ wa bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́, yóò lọ báyìí: "Ogún ọ̀dọ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ àdìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Aláàdìrẹ mẹ́fà ni yóò kọ́ wọn fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn pé bí àwọn bá kú tán, kò ní sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín àdìrẹ àti ayédèrú rẹ̀." Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Agbóhùnsáfẹ́fẹ́ lè kà á láìtún un ṣe. Ẹ kíyè sí "wọ́n ní" inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn gbọ́dọ̀ dún bí ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn; kò sí aláró tí ó sọ rí pé òun ń fi ara òun jìn fún ìdàgbàsókè ẹ̀ka aṣọ.

Àmì ohùn tún ńkọ́? Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ni, kò kan oníṣòwò. Kí wọ́n bi ọlọ́ṣẹ léèrè. Bí ó bá kọ "edinwo wa fun ose meji" láìsí àmì àti láìsí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣé ọṣẹ méjì ni ẹni tí ó bá rà á yóò jẹ ẹ̀dínwó lórí rẹ̀ ni, àbí ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀dínwó náà yóò fi wà? Bí ó bá sì ní òun yóò fún ilé ìwòsàn ní "igba ose", igba ọṣẹ yàtọ̀ sí igbá ọṣẹ, gbogbo ìlú ni yóò sì gbọ́ èyí tí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ bá yàn. Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò. Owó ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọ̀ láti lò ó.

Ìtàn kò sì gbè sẹ́yìn àwọn tí ó ń sọ pé ìwé ìròyìn Yorùbá jẹ́ àfikún lásán. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta; ó di 1863 kí Robert Campbell tó gbé Anglo-African jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Nígbà tí Isaac Thomas dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1928, Akéde Èkó ni ó sọ ọ́. Ní ilẹ̀ Hausa, Gaskiya Ta Fi Kwabo ni wọ́n sọ èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé òtítọ́ ju kọ́bọ̀ lọ. Akéde àti òtítọ́: àwọn tí ó ṣáájú mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ yìí gba kí a dúró díẹ̀ lórí àgbo àti oògùn ìbílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àtẹ̀jáde ti lè pa ènìyàn. Òfin tí ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ jẹ́ ti 1993, ìlànà àjọ náà sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ polówó oúnjẹ tàbí oògùn láìjẹ́ pé àjọ náà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìpolówó ọ̀hún. Àwọn kan rí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbé ìpolówó wọ ẹ̀wù ìròyìn, wọ́n kọ ọ́ pé ògbóǹtarìgì kan ti rí gbogboǹṣe tí ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹ̀díjẹ̀dí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oníròyìn tí kò fẹ́ ṣe wàhálà sì kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ ju oògùn dókítà nù. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè wà níhìn-ín pẹ̀lú. "Ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru" jẹ́ ìdánilójú. "Àwọn àgbà ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru" jẹ́ ìròyìn ohun tí ènìyàn ń ṣe. "A ti dán an wò ní ilé ìwòsàn" gba ẹ̀rí. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè to fóníìmù lẹ́sẹẹsẹ tí kò lè fi ìyàtọ̀ àárín gbólóhùn mẹ́ta yìí han ẹlẹ́wé ọmọ kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán.

Owó náà wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò máa ń ráhùn pé bí àwọn bá mú ìwé lọ, oníròyìn yóò máa wo àpò àwọn. Ìlànà ìwà àwọn oníròyìn Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní 1998, sọ ọ́ kedere pé kí oníròyìn má gba rìbá, àti pé bíbéèrè owó kí a tó gbé ìròyìn jáde lòdì sí ohun tí ìròyìn jẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rédíò ni yóò sọ pé kí oníṣòwò san owó ìkéde, wọn kò sì jẹ̀bi nígbà tí ohun tí ó mú wá bá jẹ́ ìkéde lóòótọ́. Ẹni tí ó mú ìròyìn wá ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀. Kí ó mú un lọ sí yàrá ìròyìn, kí ó fi àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni tí yóò gbé fóònù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó gbé e dé kí ọjọ́ tó pé. Ìwé ìròyìn tí ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè lo èyí tí ó dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ fẹ́ ṣẹlẹ̀. Èyí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ̀bi kàn. Ní 1984 àti 1990, ìdìpọ̀ méjì ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ni wọ́n sì ṣe olóòtú wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn onímọ̀ jókòó, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún gbogbo ohun tí ẹni tí ó ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ nílò nínú kíláàsì. Ìran tí ó tẹ̀lé wọn ni kò bọ́ síta kíláàsì. Àròkọ alápèjúwe, àròkọ alárìíyànjiyàn, lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ ni à ń kọ́ ọmọ títí tí yóò fi jáde. Ó lè kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé láti tọrọ àyè ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìyá rẹ̀ tí ó ń se ọṣẹ bá ní kí ó bá òun kọ ìwé sí iléeṣẹ́ rédíò, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó fi hàn án pé Yorùbá lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni à ń péjọ sí ìpàdé àpérò láti bèèrè ìdí tí àwọn òbí kò fi fẹ́ kí ọmọ wọn kọ́ Yorùbá.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ọjà ni èyí, kò yẹ yunifásítì. Èdè tí a kò lè fi ta ọṣẹ ni wọ́n fẹ́ máa kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lé lórí? Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé iṣẹ́ kékeré ni kí ó gbìyànjú láti kó ta ni, níbo ni, nígbà wo ni àti èé ṣe sínú gbólóhùn méjì tí etí lè gbà lẹ́ẹ̀kan, láìsí "láti ọwọ́" kan níbẹ̀, kí ó sì fi àmì sí i pé pérépéré.

Kò gba owó, kò sì gba àṣẹ ìjọba. Olùkọ́ tí ó wà ní kíláàsì kejì àgbà ní sẹ́kọ́ńdírì lè ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí ọjà tí ó sún mọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀, kí ó wá ohun kan tí ó jẹ́ tuntun níbẹ̀, kí ó sì kọ àtẹ̀jáde tí kò ju ìdajì ojú ewé lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kí wọ́n padà lọ kà á sí etí oníṣòwò náà. Ibi tí ìyá náà bá ti da ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu pé, "Kí ni o wí yẹn, ọmọ mi?", kí ó pa á rẹ́, kí ó tún un kọ.